Ọjọ́ tí Pajápajá Mú Mi Níwájú Àna

Ẹni tó bá sọ fún yín pé iwájú mọ́tò ló dùn jù láti jókòó, ẹ bi í bóyá ó ti jókòó ti gíà rí. Láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó lọ́jọ́ Sátidé yẹn, èmi ni wọ́n fún mọ́ àárín dírẹ́bà àti Àlàájì. Ìdí mi kan wà lórí síìtì, ìkejì wà lórí irin kan tí mi ò mọ orúkọ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń tú inú mọ́tò. Gbogbo ìgbà tí dírẹ́bà bá fẹ́ yí gíà, á ní, "Bàbá, ẹsẹ̀." Màá gbé ẹsẹ̀ òsì kúrò. Kò ní pẹ́, "Bàbá, ẹsẹ̀." Nígbà tó sú mi, mo ká ẹsẹ̀ náà kò sábẹ́ ara mi bí aṣọ tí wọ́n ká sínú báàgì, mo sì fi í síbẹ̀ títí a fi wọ Oǹdó.

Àlàájì wà níbi fèrèsé, ó ń jẹ atẹ́gùn. Ó ní òun ni àgbà, òun sì ni alágbàsọ, pé ohùn òun nílò atẹ́gùn. Mi ò lè bá a jà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ti ń ta bátìrì mọ́tò ní Àkúrẹ́ kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń so wáyà pọ̀, òun ló sì gbà láti bá mi lọ tọrọ ìyàwó lọ́wọ́ àwọn ará Oǹdó.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ìyá àwọn ọmọ mi ti kú tipẹ́, àwọn ọmọ ti wà nílé ọkọ wọn, ilé mi sì dákẹ́ débi pé mo máa ń gbọ́ tí fíríìjì bá mí. Rewáyà ni mí, ìyẹn àwa tí à ń tún iná inú mọ́tò ṣe. Họ́ọ̀nù ló mú obìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ yìí wá bá mi. Ó lọ kí ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan ní Ìta-Ògbólú, bó ṣe ń bọ̀ ni họ́ọ̀nù mọ́tò ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, kò sì dákẹ́ títí ó fi dé ṣọ́ọ̀bù mi ní Àkúrẹ́. Gbogbo ẹni tó kọjá lọ́nà ló ti bú u tán. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo fa wáyà kan yọ, ariwo dúró. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ọlọ́run á fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ sínú ilé yín."

Mo ní, "Ìyáàfin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba àdúrà yẹn padà. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ilé mi ti pọ̀ jù."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ara mọ́tò mú. Tíṣà àgbà ni ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Oǹdó, opó ni òun náà. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí nǹkan tó bàjẹ́ lára mọ́tò ẹ̀ tí wọ́n lè rí ẹni tún un ṣe ní Oǹdó mọ́. Àkúrẹ́ ló ń gbé e wá. Tíṣà ni mò ń pè é, títí di òní.

Àbúrò ẹ̀ ni ìṣòro wa. Àbíkẹ́yìn wọn ni, àmọ́ bàbá wọn ti kú, òun ló wá di olórí ilé. Ní yunifásítì ló ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di dókítà, wọ́n sì ń pe òun náà ní Dókítà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dókítà ìwé ni, kì í ṣe ti abẹ́rẹ́. Nígbà tí Tíṣà sọ ọ̀rọ̀ mi fún un, ó bi í pé, "Ibo ló kàwé dé?" Tíṣà ní mo dé kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì. Àbúrò ẹ̀ ní, "Àǹtí mi, mi ò bínú sí iṣẹ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ẹ bá jẹun alẹ́ tán, kí lẹ máa jọ máa sọ?"

Ìbéèrè yẹn dùn mí, nítorí pé ó dára. Mo gbé e yẹ̀ wò fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo rí i pé a lè sọ̀rọ̀ họ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n họ́ọ̀nù kò lè gbé wa dé ọjọ́ ogbó.

Tíṣà sì ti là á mọ́lẹ̀ fún mi. Òun ló tọ́ àbúrò ẹ̀ yìí, òun ló ń gbé e pọ̀n lọ sóko. Tí kò bá ti tọkàn ẹ̀ wá gbà, òun náà ò ní fẹ́ mi. Màámà, ìyá wọn, máa gbà, ó ní Màámà kì í kọ ẹnikẹ́ni. Dókítà nìkan ló kù.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni Tíṣà fi ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. "Ẹ dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ o. Kì í ṣe ká fọwọ́ kan ilẹ̀. Àyà, ikùn, orúnkún, gbogbo ẹ̀ ni kó kan ilẹ̀. Ẹ má sì dìde àfi tí wọ́n bá ní kí ẹ dìde." Ó ní ọkùnrin kan ti wá ṣáájú mi, òṣìṣẹ́ báńkì ni. Ó kàn tẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mú bírò tó já bọ́. Dókítà kò bi í ní ìbéèrè kankan. Wọ́n fún un ní mínírà, wọ́n sì bá a ṣí géètì.

Mo ní, "Tíṣà, èmi ni kí n dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bí?"

Ó ní, "Àna ni. Ká ní ọmọ ọdún mẹ́ta ni, ẹ máa dọ̀bálẹ̀ fún un, ẹ sì máa pè é ní sà."

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ nínú yàrá mi láràárọ̀. Lílọ sílẹ̀ kò le rárá. Tó bá di kí n dìde, àfi kí n di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mú.

Bí a ṣe dé ilé wọn nìyẹn. Pálọ̀ ńlá ni, táìlì funfun tó ń dán. Màámà jókòó sórí àga, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, orúnkún ń dùn ún. Tíṣà dúró lẹ́yìn àga Màámà, ó ń wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ kíláàsì ẹ̀ tó fẹ́ ka ìwé níwájú ọ̀gá àgbà. Dókítà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù ìwé, ó wọ awò ojú, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó káwọ́ lẹ́yìn.

Mo lọ sílẹ̀ bí igi tí wọ́n gé. Àyà kan ilẹ̀, ikùn kan ilẹ̀, fìlà mi sì fò lọ bá Màámà lẹ́sẹ̀. Mo gbọ́ tí Màámà ní, "Háà! Èyí tún mọ̀ ọ́n ṣe."

Ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí, àmọ́ Àlàájì ti gba atẹ́gùn sínú láti Àkúrẹ́, ó fẹ́ lò ó. Ó kí Màámà. Ó kí Dókítà. Ó kí ilé, ó kí ọ̀nà tí a gbà wá. Ó ṣàdúrà gígùn kan, ó sì ṣe kúkúrú kan lé e. Lẹ́yìn náà ló tó nawọ́ sí ẹ̀yìn mi. Ó ní ọkùnrin tó sùn sílẹ̀ yìí dà bíi bátìrì tí wọ́n ti lò díẹ̀, àmọ́ tó ṣì ń gba iná sára. Ó ní kò tíì jò rí. Ó ní òun lè fọwọ́ sọ̀yà.

Ibi tó ti ń sọ̀yà yẹn ni pajápajá ti mú mi.

Ó kọ́kọ́ dà bí ẹni pé ẹnìkan fi ìka tẹ ẹran ẹ̀yìn ojúgun mi wò, ti ẹsẹ̀ òsì. Ẹni náà wá gbá a mú. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fún un bí ẹni fún aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú omi. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi na gbọnrangandan bí ọmọ iléèwé tó mọ ìdáhùn. Mo di eyín. Mo fi iwájú orí lẹ táìlì. Tí mo bá la ẹnu pẹ́ẹ́, ariwo tó máa jáde, họ́ọ̀nù Tíṣà á kéré sí i.

Dókítà ní, "Ẹ ṣeun, Àlàájì. Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde, sà."

Mi ò dìde.

"Ẹ dìde, sà. Ó ti tó."

Mo mi orí. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé mi ò lè dìde. Ṣùgbọ́n ẹ mọ àwa Yorùbá. Ẹni tó bá wà nílẹ̀, tí wọ́n ní kó dìde, tó bá mi orí, ìtumọ̀ kan ló ní: ó ń bẹ̀bẹ̀, kò sì ní dìde àfi tí wọ́n bá gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ẹ̀. Gbogbo wọn ló kà á bẹ́ẹ̀.

Màámà ní, "Ẹ wo ojú ẹ̀. Omi ń bọ́ lójú ẹ̀!"

Lóòótọ́ ni omi ń bọ́ lójú mi.

Àlàájì, oníṣòwò ni, ó ti rí àǹfààní. Ó sọ ohùn ẹ̀ kalẹ̀. "Màámà, mo mọ ọ̀rẹ́ mi. Nínú mọ́tò ló ti sọ fún mi. Ó ní òun ò ní gbé àyà nílẹ̀ Oǹdó àfi tí wọ́n bá fún òun lésì."

Irọ́ ni. Nínú mọ́tò, ẹsẹ̀ mi nìkan ni mo sọ̀rọ̀ ẹ̀.

Tíṣà tẹ̀ wá síbi etí mi, ó ní, "Ó ti tó báyìí. Ẹ má ṣe é jù."

Mo gbójú sókè wò ó. Mi ò mọ ohun tó rí lójú mi, àmọ́ ó gbé ọwọ́ lé àyà, òun náà rò pé ìfẹ́ ni.

Dókítà ò rò pé ìfẹ́ ni ní tiẹ̀. Ó ní, "Àlàájì, bẹ́ẹ̀ kọ́ la ṣe sọ ọ́. A ní ẹ máa wá, a ó bi yín ní ìbéèrè, ẹ ó bi wá. Ẹni tó bá sùn sílẹ̀ tó ní òun ò dìde, ó fẹ́ fipá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wa ni. Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín, ẹ dìde ká jọ sọ̀rọ̀ bí àgbà."

Mi ò dìde.

Màámà bọ́ sínú ìjìnlẹ̀ Oǹdó, ó ń bá ọmọ ẹ̀ wí. Ará Àkúrẹ́ ni mí, èdè wa tó ń pe ilé ní "ulé" yàtọ̀ sí tiwọn, ìdajì ni mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìparí ẹ̀ dáadáa, torí pé ó yíjú sí mi sọ ọ́: "Ọmọ mi, èmi ti gbà. Mo ti fún ọ. Dìde nílẹ̀ tútù yẹn."

Mo fẹ́ kí ẹ mọ irú èèyàn tí mo jẹ́. Pẹ̀lú bí ẹsẹ̀ yẹn ṣe ń lọ́ mi, nǹkan kan sọ nínú orí mi pé: dákẹ́. Ẹnìkan ti gbà. Ó ku ẹnìkan. Fi ìṣẹ́jú méjì kún un. Èmi tí mo ń rò pé mo ti ń kú lọ, mo ṣì ń ṣòwò.

Ìgbà náà ni mo rí bàtà Dókítà. Láti ilẹ̀ tí mo wà, bàtà nìkan ni mo lè rí lára gbogbo èèyàn. Bàtà ẹ̀ yí padà, ó ń lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ wá bá mi lóde tí eré yìí bá parí." Mo mọ̀ pé bí bàtà yẹn bá fi kọjá ẹnu ọ̀nà, Tíṣà ti lọ. Mínírà àti géètì ló kù.

Mo kígbe: "Dókítà! Ẹ má lọ! Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀! Pajápajá ni!"

Bàtà náà dúró.

Màámà ní, "Kí ló ní?"

"Ẹsẹ̀ mi ni, Màámà! Ẹsẹ̀ òsì! Ó ti pẹ́ tó ti mú mi! Yéè!"

Tíṣà fi etí ìró bo ẹnu. Èjìká ẹ̀ ń gbọ̀n. Àlàájì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parọ́ tán ló kọ́kọ́ pariwo pé, "Ẹ wá dókítà o!"

Màámà ní, "Ta ló wá dúró síbẹ̀ yẹn?"

Dókítà ní, "Màámà, mo ti sọ fún yín, kì í ṣe pé mò ń wo aláìsàn."

"Háà! Èmi tí mo ti sọ fún gbogbo ìjọ pé ò ń wò wọ́n!"

Ṣùgbọ́n ó ti padà wá. Ó kúnlẹ̀ sórí táìlì, ó fi ọwọ́ kan di orúnkún mi mú, ó fi ìkejì ti ìka ẹsẹ̀ mi sókè síhà ojúgun, ó sì dì í mú bẹ́ẹ̀. Mo ké lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ nǹkan náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú díẹ̀díẹ̀. Mo yí ẹ̀yìn délẹ̀, mo ń wo òrùlé, olórí àna mi di ẹsẹ̀ mi mú. Kò sí ẹni tó kọ́ mi ní apá yìí lórí fóònù.

Bóyá torí pé ó ti mọ́ ọn lára láti máa kọ́ni ni, bóyá torí pé ojú ń tì wá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. "Ẹran tí mo dì mú yìí," ó ní, "sẹ́ẹ̀lì gígùn gígùn ló wà nínú ẹ̀, bí okùn. Nínú okùn kọ̀ọ̀kan, ilé ìpamọ́ wà tí ara kó kálíṣíọ́mù sí, ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀ pa. Tí ọpọlọ bá fẹ́ kí ẹsẹ̀ dì, á rán iṣẹ́ sí i. Iṣẹ́ náà á gba inú iṣan wá. Tó bá dé, ilẹ̀kùn á ṣí, kálíṣíọ́mù á tú jáde, ẹran á gbá ara ẹ̀ mú."

Mo ní, "Tó bá wá fẹ́ dẹ̀ ńkọ́?"

Ó wò mí. "Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Pọ́ǹpù wà níbẹ̀, òun ló ń fa kálíṣíọ́mù padà sínú ilé ìpamọ́. Pọ́ǹpù yẹn sì ń lo oúnjẹ tí ẹ jẹ. Àwọn èèyàn rò pé kí ẹran dì ni iṣẹ́, kó dẹ̀ ni ìsinmi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kó tó dẹ̀, ó ní láti ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí òkú fi máa ń gan. Oúnjẹ ti tán, pọ́ǹpù ti dúró."

Màámà ní, "Kí lẹ fẹ́ fi òkú ṣe níbi tí wọ́n ti wá tọrọ ìyàwó?"

Èmi ò gbọ́ Màámà mọ́. Mo ní, "Dókítà, relé ni."

"Kí ni relé?"

"Inú mọ́tò. Tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, iná kékeré ló ń jáde látibẹ̀. Iná kékeré yẹn ò lè ta ẹ́ńjìnnì jí. Ọ̀dọ̀ relé ló ń lọ. Relé á wá ṣílẹ̀kùn fún iná ńlá látinú bátìrì, sítátà á yí. Tí relé bá lẹ̀ mọ́ra, tí ilẹ̀kùn ẹ̀ ò tì mọ́, ẹ máa yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò, ẹ máa fi í sápò, sítátà á ṣì máa yí. Ohun tó ṣe ẹsẹ̀ mi nìyẹn. Relé ẹ̀ ló lẹ̀."

Dókítà ò fi ẹsẹ̀ mi sílẹ̀, àmọ́ ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n ní ti pajápajá, èyí tó pọ̀ jù nínú àwa tí à ń ṣèwádìí ẹ̀ gbà pé kì í ṣe relé ló lẹ̀. Iṣan ni kò jáwọ́, ó ń ránṣẹ́ léraléra. A ò tíì mọ gbogbo ìdí ẹ̀."

"Ìyẹn ni pé ọwọ́ ẹnìkan ló wà lórí kọ́kọ́rọ́, tó ń yí i lọ."

"Ẹn-ẹ́n! Bẹ́ẹ̀ gan-an. Tí mo bá wá fa ẹran náà báyìí, ìròyìn á padà sókè pé kí ẹni yẹn jáwọ́." Ó ń sọ̀rọ̀ kíákíá báyìí. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló kọ́ yín ní relé?"

"Àkèré kan ni."

Kò rẹ́rìn-ín. Mo bá sọ ọ́ fún un. Ní kíláàsì kejì, tíṣà báyọ́lọ́jì wa mú ẹsẹ̀ àkèré tó ti kú wá, ó fi wáyà méjì látinú bátìrì kan án, ẹsẹ̀ náà sì ta. Gbogbo kíláàsì ń wo àkèré. Èmi ń wo bátìrì. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọn ò rí bátìrì náà mọ́. Gbogbo iléèwé wá a, èmi náà bá wọn wá a dé ẹ̀yìn ṣáláńgá. Nígbà tí wọ́n ní wọ́n máa yẹ inú ilé kálukú wò, mi ò padà lọ síléèwé mọ́.

Tíṣà ní, "Ẹ ò sọ èyí fún mi rí!"

"Mo rò pé àìkàwé mi ti tó. Mi ò fẹ́ fi olè kún un."

Àlàájì ní, "Bátìrì wo ni? Ṣé ti mọ́tò ni?"

Mo bi Dókítà bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọpọlọ. Ó ní kálíṣíọ́mù kan náà ni. Ó ní tí iṣẹ́ bá dé ìparí iṣan kan nínú ọpọlọ, àlàfo kékeré wà kó tó kan èkejì, kálíṣíọ́mù ló máa wọlé, tí iṣan náà á fi ju iṣẹ́ ọ̀hún sódì kejì. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ronú, ó ní, ó sì wà lára bí a ṣe ń rántí nǹkan. Àmọ́ tó bá pọ̀ jù níbẹ̀, tí kò tètè padà, ó lè pa sẹ́ẹ̀lì.

"Wọ́n wá nílò fíúsì," mo ní.

"Wọ́n ní nǹkan tó jọ ọ́," ó ní. "Ẹ dúró. Báwo ni fíúsì ṣe ń mọ ìgbà tó yẹ kó já?"

Mo ń ṣàlàyé fíúsì lọ, mo ń fi ọwọ́ júwe sókè láti ilẹ̀, nígbà tí Màámà dá sí i. "Mo ti ń sọ fún gbogbo yín látọjọ́ yìí pé kí ẹ máa jẹ éégún ẹja."

"Màámà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ éégún."

"Ibo ni kálíṣíọ́mù ń gbé?"

Dókítà gbójú sílẹ̀. "Inú éégún ni èyí tó pọ̀ jù wà," ó ní.

"Ṣé ẹ gbọ́?" Màámà fẹ̀yìn ti àga. "Mi ò lọ yunifásítì o."

Tíṣà ni kò jẹ́ kí ó tún lọ síwájú. Ó jáde látẹ̀yìn àga, ó wá dúró lórí wa. "Àbúrò mi," ó ní, "o bi mí pé kí la máa jọ máa sọ tí a bá jẹun tán. Mo ti ń wo aago. Ogún ìṣẹ́jú ti kọjá, o ò tíì fi ẹsẹ̀ ọkùnrin yẹn sílẹ̀."

Dókítà wo ọwọ́ ẹ̀. Ó rí ẹsẹ̀ mi níbẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ lójijì, gìgísẹ̀ mi sì lu táìlì gbàà.

Ó dìde, ó tún awò ojú ẹ̀ ṣe, ó padà di olórí ilé. Mo jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè méjì. Ká ní pajápajá ò mú yín, ṣé ẹ̀ bá dìde nígbà tí mo ní kí ẹ dìde?"

"Mi ò ní jẹ́ kí ẹ sọ ọ́ tán. Táìlì yín tutù."

"Nígbà tí Màámà wá ní àwọn ti gbà, kí ló dé tí ẹ ò sọ òótọ́?"

Mo wo Tíṣà. Kò lè ràn mí lọ́wọ́ níbẹ̀ yẹn. Mo ní, "Ó ku ẹ̀yin. Mo fẹ́ dákẹ́ títí ẹ̀yin náà á fi gbà. Ìgbà tí mo rí i pé ẹ ń lọ ni mo pariwo."

Àlàájì bojú. Dókítà rìn dé ibi kọ́bọ́ọ̀dù, ó padà. Ó ní, "Ní ibi iṣẹ́ wa, tí nǹkan míì bá ti dá sí àyẹ̀wò, èsì ẹ̀ ò kà mọ́. A máa ń tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Màámà, èsì yín yẹn, pajápajá lẹ fún, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n yìí. Kò kà."

"Ta ni kò kà?" Màámà fi ọwọ́ gbá apá àga. "Ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ tún tiyín ṣe. Èmi ti ṣe tèmi. Èmi kì í fún èèyàn lọ́mọ kí n tún gbà á padà torí ẹsẹ̀."

Dókítà ò bá a jiyàn. Ó nawọ́ sí ilẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́."

Mo dìde. Ẹsẹ̀ òsì ń wárìrì bí ọmọ ewúrẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Mo gbé fìlà mi, mo dé e, mo sì tún lọ sílẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kejì yìí, mi ò lọ bí igi. Orúnkún ló kọ́kọ́ lọ, ọwọ́ tẹ̀lé e, ikùn dé lẹ́yìn gbogbo wọn. Àlàájì la ẹnu láti sọ̀rọ̀, Tíṣà wò ó, ó pa á dé.

Dókítà ní, "Ẹ̀yin fúnra yín, kí lẹ wá ṣe níbí?"

Mo ti há ọ̀rọ̀ kan sórí láti Àkúrẹ́ wá. Gbogbo ẹ̀ ti lọ. Mo ní, "Ilé mi dákẹ́ jù, sà. Nígbà tí àǹtí yín bá wá, mo máa ń rí ọ̀rọ̀ sọ. Tí ó bá lọ, mo máa ń rántí ìyókù tí mi ò tíì sọ, màá wá máa fi í pa mọ́ dè é títí mọ́tò ẹ̀ á tún fi bàjẹ́. Mọ́tò náà ò sì fẹ́ bàjẹ́ tó bó ṣe yẹ mọ́. Mo tún un ṣe dáadáa jù."

Mo ń wo bàtà ẹ̀. Kò kúrò lójú kan.

Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn ẹ̀ tó ní, "Mo gbà. Tọkàntọkàn ni mo gbà. Ẹ dìde, sà."

Mi ò dìde. Kò sí nǹkan tó mú mi. Ojú mi ló ṣe bákan, mi ò sì fẹ́ kí Àlàájì rí i, torí pé á sọ ọ́ kiri gbogbo ọjà bátìrì kó tó di ọjọ́ Mọ́ńdè. Mo fi iwájú orí lẹ táìlì, mo ní kí n sinmi díẹ̀.

Mo gbọ́ tí orúnkún kan kan ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Dókítà ti ká apá aṣọ ẹ̀ sókè. Ó tẹ̀ mọ́ mi létí, ó ní, "Èwo ló tún kù, àna wa? Ṣé ti ọ̀tún ni?"